ẸLẸ́RÌÍ INÚ WÁYÀ: Ẹ̀KỌ́ LÁTI ARA KỌ̀ǸPÚTÀ ÀTIJỌ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. 

ÌFÁÀRÀ

Ẹni tí ó bá ti kéwú dé Sūratul-Baqarah mọ̀ pé nínú āyah 282 ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé bí a bá jọ dá gbèsè tí ó ní àkókò, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí a sì wá ẹlẹ́rìí sí i. Āyah yìí ni ó gùn jùlọ nínú Àlùkùránì. Ọmọ ènìyàn a máa gbàgbé, a sì máa ṣàṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn tí ó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣòwò ṣe bá ìṣòro yìí kan náà pàdé.

KỌ̀ǸPÚTÀ ÀGBÀ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ RẸ̀

Láyé ìgbà náà, kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí à ń gbé sápò. Ní oṣù kẹrin ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà kéde System/360. Irú kọ̀ǹpútà àgbà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mainframe, a máa gba odidi yàrá. Ibì kan ni ó ń jókòó sí, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tí ó nílò rẹ̀ lè wà ní ìlú púpọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo terminal, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ tí ènìyàn fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, nípasẹ̀ wáyà tẹlifóònù. Bẹ́ẹ̀ ni American Airlines ṣe ń fi SABRE ta àyè ọkọ̀ òfuurufú ní àwọn ọdún 1960.

Ọ̀kan nínú àwọn terminal wọ̀nyí ni Teletype Model 33, tí ó jáde ní ọdún 1963. Ó jọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ohun tí a bá tẹ̀ á gba inú wáyà lọ, èsì á sì tẹ ara rẹ̀ sórí ìwé, lẹ́tà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

BÍ ẸLẸ́RÌÍ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Lẹ́tà kì í rìn nínú wáyà. Àmì 1 àti 0 ni ó ń rìn. Nínú ìlànà ASCII, àmì 7 ni ó dúró fún lẹ́tà tàbí oǹkà kọ̀ọ̀kan. Oǹkà 1 ni 0110001. Oǹkà 9 ni 0111001. Ẹ wò wọ́n dáadáa: àmì kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. Bí ariwo inú wáyà bá yí àmì kan yẹn padà, ẹni tí ó jẹ 1,000 náírà á di ẹni tí ó jẹ 9,000!

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n fi àmì kẹjọ kún un gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n á ka iye 1 tí ó wà níbẹ̀. Bí kò bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ẹlẹ́rìí á jẹ́ 1 kí ó lè ṣeé pín; bí ó bá ti ṣeé pín, ẹlẹ́rìí á jẹ́ 0. Oǹkà 1 ní 1 mẹ́ta, nítorí náà ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni 1, gbogbo rẹ̀ sì di mẹ́rin. Bí àmì kan bá yí padà lọ́nà, márùn-ún tàbí mẹ́ta ni yóò dé, ẹni tí ó gbà á á sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí àmì méjì bá yí padà, iye náà á tún ṣeé pín, ẹlẹ́rìí kan yìí kò sì ní mọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi àyẹ̀wò mìíràn sí ìparí odidi ọ̀rọ̀. Nínú ìlànà tí IBM gbé jáde ní ọdún 1967, ẹ̀rọ tí ó gba ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fèsì bóyá ó dé pé tàbí kò pé. Bí kò bá pé, wọ́n á tún un fi ránṣẹ́.

OHUN TÍ ẸLẸ́RÌÍ KÒ LÈ MỌ̀

Bí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá tẹ 9 dípò 1, ńkọ́? Ẹlẹ́rìí inú wáyà á jẹ́rìí sí 9 náà, á sì gbé irọ́ náà délé láìyingin. Ẹ̀rọ ń ṣọ́ ọ̀nà, kò lè ṣọ́ ọkàn.

Ní ọdún 1971, IBM gbé terminal 3270 jáde, tí ojú rẹ̀ lè gba ìlà 24, àyè lẹ́tà 80 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Lórí èyí, ènìyàn lè kọ, kí ó pa á rẹ́, kí ó tún un kọ. Ohun tí ó kọ kò ní lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà àgbà títí yóò fi tẹ bọ́tìnì Enter. Ó ní àyè láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni lónìí, bí a bá fẹ́ fi fóònù san owó, báńkì á kọ́kọ́ fi orúkọ ẹni tí yóò gbà á hàn wá. Ẹni tí kò bá kà á tí ó sì tẹ̀ ẹ́, ta ni yóò dá lẹ́bi?

ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé àjọ, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí wọ́n ń rán lọ sọ́jà, amánà ni oǹkà tí ẹ ń kọ. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Sūratul-Infitār sọ fún wa nípa Kirāman Kātibīn, àwọn màláíkà akọ̀wé tí wọ́n mọ ohun tí à ń ṣe. Àkọsílẹ̀ tiwọn kì í ní àṣìṣe.

Ìdánrawò fún ọmọ ilé-kéwú: oǹkà 5 ni 0110101, oǹkà 7 ni 0110111. Kí ni ẹlẹ́rìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn?

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùpa-amánà-mọ́. Āmīn.