Ọlọ́dẹ Tó Ń Na Onílé: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Agbowó Kan

Ọmọ mi, ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá tí a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ìwòsàn, o fi ìka gbé ìpéǹpéjú rẹ ọ̀tún sókè kí o tó lè ka nọ́ńbà orí káàdì rẹ. O wá bi mí pé, “Mọ́mì, abẹ́rẹ́ olówó gọbọi tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fà sí mi lára yìí, ṣé yóò wò mí sàn?” Wọ́n pè mí wọlé kí n tó dá ọ lóhùn. Ìdáhùn náà kò tilẹ̀ ṣeé sọ lórí ìdúró. Mo ti dé ilé mi ní Bódìjà, mo ti sùn, ilẹ̀ ti mọ́, ojú mi sì là dáadáa nítorí pé òwúrọ̀ ni; ìdí nìyí tí mo fi tètè jókòó kọ ọ́. Ó di ọdún mẹ́tàlélógún báyìí tí èmi àti myasthenia gravis ti jọ ń gbé. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà foríjì mí bí mo bá to ọ̀rọ̀ ní nọ́ńbà bí ẹni ń kọ nóòtì sójú pátákó.

1. Mọ orúkọ ohun tó ń ṣe ọ́. Àìsàn yìí ní àmì kan tí kì í yẹ̀: bí o bá ṣe ń lo iṣan tó ni agbára rẹ̀ ń tán tó, bí o bá sinmi, á padà. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà, láàárọ̀ mo lè máàkì ìwé ogójì ọmọ. Tó bá di ọ̀sán, ìpéǹpéjú á ti wálẹ̀, ìlà kan á di méjì lójú mi, ohùn mi á máa gba imú jáde, àwọn ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún méjì gbáko ni mo fi rìn káàkiri. Ibì kan tà mí ní gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì. Ibì kan ní àìsùn ni. Ibì kan ní àdúrà ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo nílò, pé láti ilé bàbá mi ni nǹkan ọ̀hún ti wá. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọn kò mọ̀ ni. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló fi aṣọ wé yìnyín, tó gbé e lé ìpéǹpéjú mi fún ìṣẹ́jú méjì péré. Ó gbé e kúrò, ojú là. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ilé bàbá rẹ ló ti wá, sọ fún un pé Thomas Willis, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé ní ọdún 1672 nípa obìnrin kan tí ahọ́n rẹ̀ máa ń rẹ̀ bó bá ti sọ̀rọ̀ pẹ́. Bàbá obìnrin yẹn kì í ṣe ará Ìbàdàn.

Ìlú tí o wà yìí kì í ṣe àlejò nínú ìmọ̀ ọpọlọ àti iṣan. Láti 1957 ni ilé ìwòsàn UCH ti ṣílẹ̀kùn. Látúndé Òdékù dé síbẹ̀ ní 1962, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun lo ayé rẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi ìwádìí lórí gbágùúdá àti àrùn ẹsẹ̀ àwọn ará Ẹ̀pẹ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ìran wọn ni kí o wá. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ọ́ ṣe ìdánrawò.

2. Mọ ọlọ́dẹ rẹ. Ní àdúgbò wa, àwọn onílé ń dá owó oṣooṣù fún ọlọ́dẹ. Ó ní kùmọ̀, ó ní fèrè, àwa sì ń sùn. Jẹ́ ká sọ pé lálẹ́ ọjọ́ kan, ọlọ́dẹ yìí dúró ní géètì mi, ó ní èmi ni olè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà mí lẹ́nu ọ̀nà ara mi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wa nìyẹn. Nígbà tí o bá fẹ́ gbé ọwọ́, ọpọlọ á fi okùn rẹ̀ ránṣẹ́ dé etí iṣan. Ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ acetylcholine á sì kanlẹ̀kùn kí iṣan lè gbọ́. Àwọn ọlọ́dẹ inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò, ló dúró síwájú ilẹ̀kùn náà, tí wọ́n ń dí i, tí wọ́n sì ń fọ́ ọ. Okùn kò bàjẹ́. Iṣan kò bàjẹ́. Iṣẹ́ tí a rán ni kò wọlé. Ní ara ọ̀pọ̀ nínú wa, ilẹ̀kùn acetylcholine yẹn gan-an ni wọ́n ń bá jà. Ní ara àwọn kan, ohun mìíràn ni, MuSK lorúkọ rẹ̀. Béèrè èwo ni tìrẹ, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí oògùn tí yóò bá ọ mu wà lọ́wọ́ ìdáhùn yẹn.

3. Má fojú tín-ínrín Mestinon. Gbogbo ènìyàn ló ń pariwo oògùn tuntun, ṣùgbọ́n hóró tí o ń gbé kiri nínú báàgì rẹ ní ìtàn tó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà mọ̀. Ní Kàlàbá, àwọn Efik ní ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní èsèrè. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n máa ń fún jẹ, bí àwọn baba tiwa náà ṣe ní obò: ẹni tó bá bì í ló yè. Òyìnbó gbé èsèrè lọ sílé wọn. Ní 1864 wọ́n yọ èròjà kan nínú rẹ̀ tí wọ́n sọ ní physostigmine. Ó di 1934 kí dókítà obìnrin kan, Mary Walker, ní ilé ìwòsàn St Alfege ní Greenwich, London, tó gún obìnrin kan tó ní àrùn wa yìí lábẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìpéǹpéjú tó ti wó gbéra sókè. Neostigmine tẹ̀ lé e, pyridostigmine tí a ń pè ní Mestinon sì tẹ̀ lé ìyẹn. Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò díjú. Ẹnìkan wà létí ilẹ̀kùn iṣan tó ń gbá ìránṣẹ́ dànù kíákíá bó bá ti jíṣẹ́ tán. Mestinon á di ọwọ́ agbálẹ̀ yìí fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ìránṣẹ́ lè pẹ́ níbẹ̀ títí yóò fi rí ilẹ̀kùn tí ọlọ́dẹ kò tíì fọ́. Ọlọ́dẹ fúnra rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Lò ó ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ. Má sì sọ pé bí ọ̀kan bá dára mẹ́ta á dára jù: itọ́ á kún ẹnu rẹ, inú á máa kùn, ìgbẹ́ gbuuru á dé, àárẹ̀ tí o ń sá fún gan-an á tún le sí i. Èsèrè pa ènìyàn púpọ̀ ní Kàlàbá. Ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé ìwà ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń ta àgbo èsèrè fún ọ nítorí ìtàn tí mo sọ yìí, sá.

4. Ìbéèrè rẹ. Rárá, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi dírípù fà sí ọ lára yẹn kò ní wò ọ́ sàn bí ibà ṣe ń sàn tí a sì ń gbàgbé rẹ̀. Ó lè mú àìsàn náà dákẹ́ fún oṣù púpọ̀, fún ọdún nígbà mìíràn, kí o lè gbé ìwé jáde ní yunifásítì, kí o ṣiṣẹ́, kí o bímọ. Kékeré kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá gbà á pẹ̀lú èrò pé ó parí, ọjọ́ tí ojú bá tún wálẹ̀ ni ọkàn rẹ yóò wó ju ojú lọ. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Àwọn oògùn inú dírípù yìí kò rí bákan náà. Rituximab, tí èmi gbà, ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọlọ́dẹ ló ń lọ tì. Àwọn tó ti wà lójú pópó á ṣì máa na ènìyàn títí ọjọ́ wọn yóò fi pé, ìdí nìyẹn tí kò fi ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Oṣù ni kí o máa kà. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní 1997 fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Ó bá àwọn oní-MuSK mu jù. Fún ẹni tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ bíi tìrẹ, àwọn dókítà Sweden fi hàn ní 2022 pé mílígírámù 500 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà kò rí àǹfààní tó tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ méjèèjì fún ọ kí o má bàa gbọ́ ìkejì lẹ́nu ẹlòmíràn. Eculizumab, tí wọ́n fọwọ́ sí fún àrùn wa ní 2017, kùmọ̀ ló ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń fà á. Efgartigimod, tó dé ní ìparí 2021, ń gbá ọlọ́dẹ kúrò lójú pópó, rere àti búburú pọ̀. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà kí a máa wò ó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Houston ń gba ìyẹn. Èmi kò lálàá rẹ̀. Mọ́tò mi ni mo tà fún rituximab àkọ́kọ́, takisí Micra ni mo sì ń wọ̀ láti ìgbà náà.

Má sì jẹ́ kí dírípù mú ọ gbàgbé iṣẹ́ abẹ. Ẹran kékeré kan wà lẹ́yìn egungun àyà, thymus ni wọ́n ń pè é. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi hàn pé yíyọ rẹ̀ ń ran àwọn oní-acetylcholine lọ́wọ́, kódà bí kò bá sí kókó nínú rẹ̀. Béèrè.

5. Kí wọ́n tó fà á sí ọ lára. Àyẹ̀wò hepatitis B, ìyẹn mẹ́dọ̀wú, kò ṣeé fò. Ó ń sùn lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, rituximab sì lè jí i kó pa ẹ̀dọ̀. Kí wọ́n wo ikọ́ ife náà. Àjẹsára tí o bá fẹ́ gbà, gbà á ṣáájú. Èyí tí kòkòrò rẹ̀ ṣì wà láàyè, bíi ti yellow fever tí wọ́n fi ń gba káàdì yẹ́lò fún ìrìn àjò, kò sí fún ọ mọ́ lẹ́yìn dírípù. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní pápákọ̀ òfurufú gún ọ tipátipá, gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Ẹni tó bá fẹ́ gba eculizumab gbọ́dọ̀ ti gba àjẹsára àrùn yírùnyírùn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

6. Lọ́jọ́ náà. Jẹun. Mú ẹnìkan dání. Wọ́n á kọ́kọ́ fún ọ ní parasitámọ́ọ̀lù àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ara yún, wọ́n á sì máa jẹ́ kó kán díẹ̀díẹ̀; tèmi àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin kó tó parí. Bí ara bá ń yún ọ, bí òtútù bá mú ọ, bí ọ̀fun bá ń fún, pariwo. Má ṣe ọmọlúàbí fún nọ́ọ̀sì. Àwa Yorùbá a máa ní “kò burú” nígbà tó ti burú.

7. Fíríìjì. Ìwọ̀n ooru 2 sí 8 lórí Celsius ni oògùn dírípù yìí ń gbé. Kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín. Má gbé e sílé. Èmi gbé e sílé lẹ́ẹ̀kan. Iná lọ fún ọjọ́ méjì, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, àwọn apoògùn ní kí n dà á nù. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí wọ́n sọ orúkọ àìsàn mi fún mi lọ. Jẹ́ kí ilé ìwòsàn tọ́jú rẹ̀ títí ọjọ́ rẹ yóò fi pé. Kí o tó san kọ́bọ̀, béèrè ohun tí ìbánigbófò ìlera rẹ lè san, kí o sì gba ìdáhùn wọn sórí ìwé.

8. Kẹ́míìsì. Níbí ni mo ti ń bẹ̀rù fún ọ jù, torí mo mọ àdúgbò Agbowó tí o ń gbé. Ara gbóná díẹ̀, ọ̀rẹ́ á ní màlàríà àti táífọ́ìdì ni, kẹ́míìsì á kó oògùn jọ sínú náílọ́ọ̀nù, o ti gbé e mì. Ciprofloxacin tí gbogbo ènìyàn ń lò fún táífọ́ìdì lè mú kí àárẹ̀ rẹ di ti ìbùsùn. Bẹ́ẹ̀ ni erythromycin àti azithromycin, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ gentamicin, bẹ́ẹ̀ ni chloroquine àti quinine. Propranolol tí wọ́n ń fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, òun náà wà níbẹ̀. Kọ wọ́n sórí páálí, fi náílọ́ọ̀nù bò ó, kó wà nínú báàgì rẹ nígbà gbogbo. Bí o bá lóyún lọ́la, fi páálí náà han àwọn agbẹ̀bí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí magnesium tí wọ́n fi ń gba aláboyún lọ́wọ́ gìrì lè dá èémí rẹ dúró. Bá dókítà rẹ sọ̀rọ̀ kí o tó lóyún. Rituximab àti oyún ní láti jìnnà síra. Bí o bá sì ń lo prednisolone, má dá a dúró lójijì nítorí pé ojú rẹ ń wú.

9. Oúnjẹ àti ooru. Jẹ oúnjẹ tó lágbára láàárọ̀. Àmàlà, ewédú àti gbẹ̀gìrì ni ọ̀rẹ́ wa; pọ̀nmọ́ lálẹ́, fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ooru oṣù Kẹta ń dín agbára wa kù, nítorí náà má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ sí ìlà báńkì ní Dùgbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Béèrè ìjókòó. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

10. Èémí. Láràárọ̀ mo máa ń mí kanlẹ̀, kí n sì kà sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ení, èjì, ẹ̀ta. Mo máa ń dé ọgbọ̀n. Lọ́jọ́ tí mi ò bá dé ogún, mi ò ní dúró wẹ̀. Bí omi bá ń gba imú rẹ jáde, bí o kò bá lè gbé orí sókè, bí o kò bá lè dùbúlẹ̀ gbalaja kí èémí má gé, pàjáwìrì nìyẹn, ibi tí ẹ̀rọ amúnimí wà sì ni kí wọ́n gbé ọ lọ.

Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sẹ́yìn ìwé yìí, o lè pè mí lórí ọ̀rọ̀ dírípù, lórí ọ̀rọ̀ owó, lórí ọ̀rọ̀ ọkọ pàápàá. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ èémí, má pè mí. Wọ mọ́tò kí o máa lọ.