Kí Ẹ Tó Lọ Bá Kánsẹ́lọ̀

"Ṣé orí mi ti dàrú ni?" Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi ara wọn nìyẹn, bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n lọ rí kánsẹ́lọ̀. Kò yani lẹ́nu. Bí a bá ti dárúkọ Aró l'Ábẹ́òkúta tàbí Yábàá l'Ékòó, ẹni tó wà ní ìhòòhò lọ́jà ló ń wá sí wa lọ́kàn. Àwọn ọmọ Èkó tiẹ̀ ń fi "Yaba Left" bú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn ọpọlọ ni méjèèjì, púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ló sì ń ti ilé wọn lọ, tí wọ́n ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Ti kánsẹ́lọ̀ tún yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni, kó bi ni léèrè, kó sì bá ni tú ohun tó lọ́ pọ̀ ni. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú tí oorun ò kùn ún mọ́ lè lọ bá a. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tọkọtaya tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ọ̀dọ́ tí àyà rẹ̀ ń já ṣáá: gbogbo wọn ló lè lọ. Kì í kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ọpọlọ ló ń kọ oògùn. Bí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní kánsẹ́lọ̀ bá fa kóró oògùn yọ láti inú dúrọ́ọ̀, ẹ dìde, kí ẹ máa lọ.

Ṣé ẹni tó bá lọ ti fi àdúrà sílẹ̀ nìyẹn? Rárá o. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró ní ọdún 1954, ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká ló fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láyè kí wọ́n bá òun ṣiṣẹ́. Bí dókítà tó kàwé ní ìlú òyìnbó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí tí ẹ fi ní láti yan ọ̀kan nínú àdúrà àti kánsẹ́lọ̀, kí ẹ kọ èkejì.

Ohun tí ó máa ṣe yín ní kàyéfì ni èyí. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ àgbà, àgbà á gbọ́ tẹnu wa, á sì dá a: lọ bẹ ọkọ ẹ, san owó ẹlòmíì fún un, má bá wọn jà mọ́. Kánsẹ́lọ̀ kì í dájọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bínú lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an nìyẹn. "Mo sanwó, kò sọ ohun tí n máa ṣe fún mi!"

Ká sọ pé ìyá kan tó ń ránṣọ n'Íbàdàn ló lọ rí kánsẹ́lọ̀. Kánsẹ́lọ̀ tó lọ bá kò ju ọmọ bíbí rẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá náà, ó fún un níjòókòó, ó ní kí àwọn méjèèjì pa fóònù wọn. Ó wá mú ìwé àdéhùn jáde, ó ń kà á sí ìyá létí ní Yorùbá, ó ń dúró lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. (Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ ò kà tàbí tí wọn ò kà fún yín. Ẹ̀tọ́ yín ni.)

"Mọ́mì, kí ló gbé yín wá lónìí?"

"Oorun ni. N kì í sùn."

"Látìgbà wo, mà?"

"Látìgbà tí bàbá wọn ti kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ló máa ń wá sí yín lọ́kàn?"

Ìyá dákẹ́. Kánsẹ́lọ̀ náà dákẹ́, kò sì kánjú bi nǹkan míì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyá tó ní, "Ikọ́ rẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀." Kò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Ó wá sunkún. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ṣé kí n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn àbúrò ọkọ mi tó ń bá mi du ilé rẹ̀, kí n gbé e fún wọn?" Kánsẹ́lọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́, mà." Inú ìyá kò dùn sí èsì yẹn. Lójú rẹ̀, kánsẹ́lọ̀ jọ ẹni tó ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà nìyẹn.

Wọ́n tún lè ka ìbéèrè 9 kan sí yín létí nípa ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá: oorun, oúnjẹ, àárẹ̀, ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì, bóyá ó ṣe yín bíi kí ẹ kú. Àmì 0 sí 3 ni wọ́n ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ìdánwò, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń féèlì. Wọ́n fi ń mọ bí ara ṣe rí ni, kí wọ́n lè tún un wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ṣé kò ní sọ ọ̀rọ̀ mi síta? Òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó pa àṣírí mọ́. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, ó lè máà kí yín àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ kí i. Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́; kò fẹ́ kí ẹni tó wà pẹ̀lú yín béèrè pé, "Níbo lẹ ti mọra?" Ṣùgbọ́n àṣírí ní ààlà. Bí ẹ bá fẹ́ pa ara yín tàbí ẹlòmíì lára, bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, ó lè sọ̀rọ̀. Ẹ ní kó ṣàlàyé èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ikú ti ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ má dúró de ọjọ́ tó dá fún yín. Ẹ mú ẹnì kan dání lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn míì ń bẹ̀rù pé ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ lè gbọ́, kó sì lé wọn. Ní oṣù Jánúárì ọdún 2023, Bùhárí, tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin tuntun náà kò fẹ́ kí wọ́n tìtorí àìsàn ọpọlọ fi ẹ̀tọ́ du ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ owó kò gba ìtìjú. Ẹ béèrè lórí fóònù kí ẹ tó wọkọ̀: èló ni ìjókòó kan? Bí n kò bá lè wá, ṣé n máa san án? Àwọn míì máa ń dín in kù fún ẹni tó bá sọ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Ìjókòó kan kì í sábà ju wákàtí 1 lọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Oríṣi ìtọ́jú kan wà tó máa ń gba ìjókòó 6 sí 20 lápapọ̀. Ẹ tún béèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́, kí ẹ ní kó fi ìwé ẹ̀rí hàn yín. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn ti dá yín lóhùn.

Bí ẹ bá lọ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ara yín kò sì balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ má kàn sá. Ẹ sọ pé, "Ẹ ṣé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ bá ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ẹnì kan fún mi." Ẹni tó mọṣẹ́ á júwe rẹ̀. Bí ẹ bá gbà á láyè, á kọ lẹ́tà sí ẹni náà, kí ẹ má baà máa bẹ̀rẹ̀ ìtàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀.