Kí O Tó Fi Owó Rẹ Ra Mẹ́sí Àgbàlagbà

Ọmọ àbúrò mi, ìyá rẹ ti sọ fún mi. Ó ní Mẹ́sí méjì ni wọ́n fi hàn ọ́ ní Abẹ́òkúta, iye tí wọ́n ń pè wọ́n kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: V-Boot ọdún 1992 kan, àti S-Class ọdún 2001 kan tó ń dán bí ẹyin. O ní kí n bá ọ mú ọ̀kan. Mi ò dá ọ lóhùn lórí fóònù nítorí pé lọ́jọ́ tí o pè yẹn gan-an, àwa mẹ́ta tí a ní V-Boot ní Wásinmi yìí wà lábẹ́ igi máńgòrò mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ yìí kan náà là ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́.

Ọ̀kan nínú wa ti ṣiṣẹ́ réluwéè fẹ̀yìn tì. Lójú tirẹ̀, kò sí ọkọ̀ mìíràn láyé. Ó ní àwọn Jámánì kò ṣe irú rẹ̀ mọ́, pé V-Boot òun ni yóò gbé òkú òun dé itẹ́. Ẹnì kejì ń ta sìmẹ́ńtì. Òun ní ká má tan ara wa jẹ, ọkọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ti di arúgbó, kí ẹni tó bá gbọ́n lọ ra Camry. Mo bi í pé láti ọdún mẹ́fà tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò tíì ta tirẹ̀? Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó máa san iye tó tọ́ sí i. Ẹ̀rín pa wá. Ẹsẹ̀ mẹkáníìkì nìkan là ń rí níta, òun fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹni tó ń yin Camry, kò sì dá sí i. Ibi yòówù kí àríyànjiyàn náà já sí, òun á ṣáà jẹun níbẹ̀.

Ìwọ ò lè mọ ohun tí Mẹ́sí jẹ́ lójú tiwa. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọlé, tí ọkọ̀ kan bá kọjá lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ́sàn-án gangan, tí gbogbo gíláàsì rẹ̀ wà ní títì, a ó ní Mẹ́sí ọlọ́yẹ́ ló ń lọ yẹn. Ọyẹ́ ń fẹ́ nínú lọ́hùn-ún, oòrùn ń pa àwa tó wà níta. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1976 nìyẹn, tí àwọn kan ń pè ní flat boot. V-Boot tẹ̀lé e ní ìparí 1984. Nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, apá àwa òṣìṣẹ́ kò ká ọkọ̀ tuntun mọ́, tòkúnbọ̀ sì ń gba Kùtọnu wọlé. Bí Mẹ́sí ṣe bọ́ sọ́wọ́ irú èmi olùkọ́ nìyẹn. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Mẹ́sí tí à ń fi ṣe fáàrí níbí, òun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe takisí ní Jámánì.

Bí a bá ti dé orí takisí báyìí, ọ̀rẹ́ mi tó ṣiṣẹ́ réluwéè á kì í mọ́lẹ̀. Á ní ẹ gbọ́ nípa awakọ̀ takisí ará Gíríìsì kan, Gregorios Sachinidis, tó fi Mẹ́sí 240D ọdún 1976 rin ìrìn tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ kìlómítà lọ, tí ọkọ̀ náà fi wọ mùsíọ́mù Mercedes ní 2004. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ìtàn náà tí ọ̀rẹ́ mi máa ń sáré kọjá: ọkùnrin yẹn ní ju ẹ́ńjìnnì kan lọ. Bí wọ́n bá sọ ọ̀kan kalẹ̀ láti tún un ṣe, òmíràn á gorí ọkọ̀. Irin Jámánì le lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ará Gíríìsì yẹn ló gbé e débẹ̀.

V-Boot ń pẹ́ nítorí pé wọ́n ṣe é kí èèyàn lè tú u. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì V-Boot 230 jẹ́ irin tó le. Ṣéènì ló ń yí i nínú, kì í ṣe bẹ́líìtì rọ́bà tó ń já lójijì. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fi ojú sí iṣẹ́ lè fi sípánà tú u ká, kó sì tò ó padà. Síbẹ̀ má rò pé èyí tó bá jẹ́ àbúrò nínú wọn ló máa ń sàn jù. Àwọn kan tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 1993 sí 1995, aṣọ ara wáyà ẹ́ńjìnnì wọn kì í lálòpẹ́. Ó máa ń gbẹ, á rún wómúwómú bí àkàrà àná, wáyà ìhòòhò á sì máa kan ara wọn. Rẹwáyà á máa wá àrùn kiri títí, owó rẹ á sì máa lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ti 1995 ló yẹ kí o wá, pé tuntun ni, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kí o sì máa lọ.

Ó wá ku S-Class rẹ tó ń dán. Irú èyí tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2005, afẹ́fẹ́ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dúró, kì í ṣe sípíríǹgì irin. Ìjókòó rẹ̀ dùn, n kò purọ́. Mo wọ ọ̀kan lọ síbi ìgbéyàwó, mi ò fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí àpò afẹ́fẹ́ yẹn bá gbó tó sì ń jò, o lè jí lówùúrọ̀ kí o bá ọkọ̀ rẹ tó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan bí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ọ. Ibí yìí ni àwọn tó ń jà lábẹ́ máńgòrò kì í dé. Ọkọ̀ tí olówó ńlá rà ní tuntun, bó bá ti pé ogún ọdún, olùkọ́ lè rà á. Owó ọkọ̀ ti já wálẹ̀. Owó ẹ̀yà ara rẹ̀ ńkọ́? Kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́, ó ṣì ń pe iye tó ń pè fún olówó ńlá náà. Dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á wọlé. Kí ó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba ń ta dọ́là kan ní nǹkan bí 460 náírà. Láàárín ọdún 2024, ó kọjá 1,500. Ṣé owó oṣù rẹ gòkè bẹ́ẹ̀? Tèmi tí mò ń gba owó ìfẹ̀yìntì, mi ò ní sọ ohunkóhun.

Mo fẹ́ sọ ìwà òmùgọ̀ mi fún ọ, torí ìyá rẹ mọ̀ nípa rẹ̀, á sọ ọ́ bí n kò bá sọ ọ́. Ní ọdún kan, Mẹ́sí mi ń gbóná bí ó bá ti wọ gosíló. Mẹkáníìkì kan yọ thermostat rẹ̀ sọnù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé ìwọ̀n. Ó ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú gbóná, a ò nílò rẹ̀. Ó dùn létí, mo gbà. Lójú ọ̀nà tó já gaara, ẹ́ńjìnnì kò móoru tó, ó wá ń mu epo bí ọ̀mùtí. Bẹ́ẹ̀, fáànù rẹ̀ tí kò fẹ́ dáadáa mọ́ ló ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ní Ṣángò Ọ̀tà lọ́jọ́ kan, láàárín àwọn tírélà, abẹ́rẹ́ gòkè dé ibi pupa. Mo rí i. Òde ìnáwó ni mò ń lọ, mo ní kí n ṣáà débẹ̀. Nígbà tó kọ̀ tí kò lọ mọ́, mo da omi tútù sí i lójijì. Tọ́ọ̀pù sílíńdà tẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì já. Nígbà tí a fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì jáde, ó ti funfun bí ògì. Gèlè ìyàwó mi kò dé òde ìnáwó náà rárá, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé Wásinmi lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń wọ́ wa.

Bí o bá wá mú V-Boot, o ò ní dá nìkan tọ́jú rẹ̀. Ọmọ Líṣàbí ni ọ́, o mọ àáró. Bí àwọn baba wa ṣe ń ro oko ara wọn ni àwa mẹ́ta ṣe dá owó jọ ra òkú V-Boot kan. Ẹ̀yìnkùlé mi ló wà, adìyẹ ń yé ẹyin sínú búùtù rẹ̀. Ìlẹ̀kùn, gíláàsì, iná ẹ̀yìn, ibẹ̀ la ti ń mú un. Búṣìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan la kì í mú níbẹ̀, torí rọ́bà tó ti gbó ti gbó náà nìyẹn. Ọ̀nà wa yìí sì ń jẹ búṣìn bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, láti ìgbà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń kó sìmẹ́ńtì jáde ní Ewékorò. Bí a bá fẹ́ ra búṣìn, ẹnì kan máa ń lọ sí ọjà Ládípọ̀ ra ti gbogbo wa. Èyí tí wọ́n ń pè ní Belgium, bí ó tilẹ̀ ti rìn díẹ̀ lókè òkun, mo fẹ́ ẹ ju ayédèrú tó wà nínú páálí tuntun lọ. Ọ̀rẹ́ mi onísìmẹ́ńtì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní àlòkù ni àlòkù ń jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti pààrọ̀ ti páálí rẹ̀ láàárín ọdún kan.

Má wo ọ̀dà. Má ka nọ́ńbà kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sí ẹ̀rí, ti àwọn kan ti kú láti ayé Abacha. Wo ẹni tó ń tà á. Bi í pé ìgbà wo ló yí ọ́ìlì gbẹ̀yìn, àti ta ló bá a yí i. Ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀ kì í ronú kó tó dáhùn. Ṣí ọmọrí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, fi ìka nu abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá funfun bí tèmi ti Ṣángò, o ti mọ ìyókù. Lẹ́yìn náà béèrè thermostat. Bí ó bá rẹ́rìn-ín tó ní ọ̀dọ̀ wa gbóná, kí i pé ó dàárọ̀.

Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni ìró ṣéènì yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ní ìdájí. Bí ó bá ti gùn jù, á ké bí ẹni ń mi owó ẹyọ nínú agolo, àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti móoru, ó lè dákẹ́. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ mọ èyí jù wá lọ. Sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó jẹ́ kí V-Boot náà sùn mọ́jú, kó má ṣíná sí i rárá kí a tó dé. Kí ìwọ ṣáájú mi débẹ̀ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, kí o fi àtẹ́lẹwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, tètè pè mí, kí n má wulẹ̀ wọkọ̀ ní Wásinmi.