Wákàtí Mélòó Ni?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù ní Ifangni níbí, wákàtí mélòó ni oníbàárà máa kọ́kọ́ bi yín, kó tó béèrè owó. Ẹ má kánjú fèsì. Láti ìgbà tó bá jáde nílé títí dé ẹnu ọ̀nà ọmọ rẹ̀ lọ́hùn-ún lòun ń rò. Èyí tí fóònù ń sọ fún yín, ti òkè nìkan ni.

Ẹ wo Kútọ̀nù sí Páríìsì. Nǹkan bí 4,740 kìlómítà ni, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà. Àríwá gan-an ni ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ kọrí sí, ó gba òkè Nìjẹ̀ àti aṣálẹ̀ Àlùjéríà kọjá. Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra, àmọ́ ti bààlúù ní onílé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, Nìjẹ̀ ti ojú ọ̀run tirẹ̀ pa, ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án kó tó ṣí i. Àwọn bààlúù wá ń yí po. Kìlómítà inú ìwé kò yí padà. Wákàtí ló gùn sí i.

Kánádà ni ojú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa wà báyìí. Máàpù tó tẹ́ pẹrẹsẹ lára ògiri máa ń tanni. Àwòrán ayé tó rí roboto ni kí ẹ fi òwú wọ̀n. Kútọ̀nù sí Montréal á jẹ́ bíi 8,400 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba Páríìsì á rin ohun tó lé ní 10,200, yàtọ̀ sí ìjókòó tó máa jókòó retí bààlúù kejì. Tó bá ń lọ, atẹ́gùn ìwọ̀-oòrùn á máa dojú kọ ọ́ lórí òkun. Tó bá ń bọ̀, á máa tì í lẹ́yìn, ọ̀nà á sì yá ju ti àlọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì lè kọ 13:00 fún gbígbéra ní Páríìsì, kó kọ 14:30 fún gígúnlẹ̀ ní Montréal. Oníbàárà á ní wákàtí kan àbọ̀ péré! Méje àbọ̀ ni. Aago ìlú kálukú ni wọ́n ń kọ, Páríìsì sì fi wákàtí mẹ́fà ṣíwájú Montréal.

Èyí tó ń dá ẹkún sílẹ̀ jù ni ti òru. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá kọ 00:15 ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́ ọjọ́ Ajé ni èèyàn gbọ́dọ̀ wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kó tún un sọ fún yín.

Ní ti Èkó, mo mọ̀ pé owó tíkẹ́ẹ̀tì láti ibẹ̀ lè dínkù. Láti pápákọ̀ Kútọ̀nù sí ti Ìkẹjà kò tó 110 kìlómítà lójú òfuurufú, ṣùgbọ́n títì lèrò yín máa gbà: Igolo, Ìdí-Ìrókò, àwọn aṣọ́bodè, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sango Ọ̀tà. Ẹ rántí pé láti oṣù kẹjọ 2019 tí Nàìjíríà ti ti ẹnubodè, ó di oṣù kẹrin 2022 kí wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò. Ẹni tí kò bá níbi tó máa sùn sí l'Ékòó lọ́jọ́ tó ṣáájú, Kútọ̀nù ni kí ẹ ta fún un, bó tilẹ̀ ń kùn.

Kó tó dìde lọ́dọ̀ yín, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ sínú ìwé fún un: aago tó máa kúrò ní Ifangni, àti aago ìlú ọ̀hún tí ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dúró dè é.