Aláǹgbá Kọ́ Ló Fọ́ Gíláàsì Ẹja

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ọmọdé tó ń kiri omi tútù ní Máìlì 12 mọ ìtumọ̀ rẹ̀, n kò ní fi í gbà yín lákòókò. Ọ̀rọ̀ gíláàsì ẹja ni mo bá wá, nítorí ohun tójú mi rí ní Ìkòsí dùn mí.

Onígbàjámọ̀ tó ń gẹrun fún mi ló ra gíláàsì ẹja tòkúnbọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló fi gbé e wá láti Alápẹrẹ. Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́, igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọlu ilẹ̀kùn onírin. Ìsán kan yọ níbẹ̀, ó tín-ín-rín bí irun orí, kò gùn tó ìka ọwọ́. Mo fi èékánná wọ́ ojú ibẹ̀, èékánná mi há. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, má bomi sí nǹkan yìí o." Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Dádì, súpáglúù á mú un."

Ọjọ́ kẹsàn-án ló bẹ́, lóru. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ẹja méje ti gan sórí táìlì, mẹ́ta há sínú omi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ní kọ̀rọ̀. Omi ti dé ibi wáyà tó fi ń gẹrun. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n ti mú iná lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a kì í ka omi sí ẹrù. A ń gbé lẹ́bàá Odò Ògùn, a sì mọ ohun tí omi ń fi ògiri ṣe ní Agílítí bí wọ́n bá tú omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan ni. Gíláàsì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, tó fẹ̀, tó sì ga ní ọ̀kan ààbọ̀, bó bá kún, ó lé ní 190 kílò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò ìrẹsì mẹ́rin. Tọ̀sán tòru lomi yẹn ń ti gíláàsì síta, ìsàlẹ̀ ló sì ti ń tì í jù. Ibẹ̀ gan-an ni ìsán yẹn wà.

Bó bá jẹ́ etí òkè ló kán, tí kò dé ibi tí gíláàsì méjì ti lẹ̀ mọ́ra, ẹ fi sánńpépà tútù ra á kó má baà géni lọ́wọ́, kẹ́ ẹ máa lò ó lọ. Bó bá sán, ẹ kó ẹja sínú bàsíà, kẹ́ ẹ da omi nù ná. Ìsàlẹ̀ tó sán, pípààrọ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ tó sán díẹ̀, ẹ gé gíláàsì mìíràn tó nípọn bákan náà, kó fi íǹṣì méjì kọjá ojú ìsán níhà gbogbo, kẹ́ ẹ fi sílíkóònù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú, kómi fúnra rẹ̀ lè máa tì í mọ́ àyè rẹ̀. Ẹ fi bíléèdì ha sílíkóònù àtijọ́ kúrò. Tuntun kì í gbá ògbólógbòó mú. Ẹ sì bi ẹni tó ń tà á dáadáa: èyí tí wọ́n po oògùn mọ́ kí ògiri ilé ìwẹ̀ má baà bu, ó ń pa ẹja.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tálákà nìkan. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2022, AquaDom, àgbá ẹja ńlá tó wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Berlin, ní Jámánì, bẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Omi inú rẹ̀ tó mílíọ̀nù lítà kan, ẹja rẹ̀ bíi 1,500. Ìke tó nípọn ni, kì í tilẹ̀ ṣe gíláàsì. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni, èrò ì bá kún ibẹ̀.

Mo wá ní ẹjọ́ kan bá òwe náà rò. Ìta ló ní ká máa ṣọ́. Ta ni aláǹgbá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ohun tá a fọwọ́ ara wa dà sínú ilé ló bẹ́ jáde. Ògiri amọ̀ tó lanu lè dúró dè wá di ẹ̀ẹ̀rùn, ká fi amọ̀ dí i. Gíláàsì ò ní sùúrù yẹn.

Lánàá mo yà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ náà. Ó ti pààrọ̀ ìsàlẹ̀, òórùn kíkan sílíkóònù ti lọ. Ó gbé e síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó bomi kún un, ó sì tẹ́ ìwé ìròyìn yí i ká. Ẹja mẹ́ta wà nínú bàsíà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìwé náà: gbígbẹ ni. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kó tún sun ìta lónìí."