Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ìdí Tí Orí Òkè Fi Máa Ń Tutù

Òkè Kilimanjaro ní orílẹ̀-èdè Tanzania ló ga jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 5,895. Ní ẹsẹ̀ òkè náà, oòrùn ń ràn dáadáa, àwọn àgbẹ̀ Chagga sì ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kọfí. Ṣùgbọ́n yìnyín wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Ṣebí ẹni tó gun òkè ti sún mọ́ oòrùn ni? Kí ló wá dé tí òtútù ń mú un?

Oòrùn jìnnà sí ayé tó mílíọ̀nù kìlómítà 150. Kìlómítà 6 tí èèyàn gùn kò já mọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìtànṣán oòrùn máa ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá wá bá ilẹ̀. Ilẹ̀ á gbóná, òun ni yóò sì mú afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ gbóná. Bí omi orí iná, ìsàlẹ̀ ni ooru afẹ́fẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó gbóná á fúyẹ́, á sì máa gòkè. Bó ṣe ń gòkè ni ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ń dín kù, tí òun náà ń fẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá ń fẹ̀ báyìí máa ń tutù. Ẹ dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Nígbà tó bá ń tú afẹ́fẹ́ inú táyà sílẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ sí ẹnu fáàfù. Ohun tó ń fẹ́ jáde á tutù sí yín lọ́wọ́, bí oòrùn tilẹ̀ mú ganrínganrín.

Bí a bá gòkè ní mítà 1,000, ooru sábà máa ń fi nǹkan bíi dígírì 6.5 dín kù. Bó bá jẹ́ dígírì 30 létí òkun, a lè retí bíi 22 ní Jos, tó ga tó mítà 1,200. Ìdí nìyẹn tí pòtétò fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Bó bá ti kọjá mítà 5,000, omi inú ìkùukùu lè dì. Lókè yẹn ni yìnyín tó ń bọ́ sórí páànù wa ti ń wá.

Láàárọ̀ ọyẹ́, ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Ilẹ̀ ti pàdánù ooru rẹ̀ lóru, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á wá tutù ju tòkè lọ. Èéfín igi ìdáná á tẹ́ pẹrẹsẹ lórí òrùlé, kò ní gòkè títí oòrùn á fi ta.

Ìbéèrè
1. Kí ló ń mú afẹ́fẹ́ gbóná láti ìsàlẹ̀?
2. Kí ló dé tí èéfín kì í tètè gòkè láàárọ̀ ọyẹ́?
3. Bí ooru bá jẹ́ dígírì 30 létí òkun, mélòó ni yóò jẹ́ lórí òkè tó ga ní mítà 2,000?