Gbogbo Aláǹgbá Ló Da Ikùn Délẹ̀: Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí Táírọ́ọ̀dì Rẹ̀ Ń Ṣiṣẹ́ Àṣejù

Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àìsàn táírọ́ọ̀dì tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù ni òwe yìí bá wí jù lọ, pàápàá ní agbègbè bí Ìjòkó àti Sángò-Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Níbẹ̀, òrùlé páànù kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán tán lálẹ́. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ á ṣe ọ̀sán lọ́sẹ̀ yìí, á ṣe òru lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ti ń jí kí àkùkọ tó kọ láti ìgbà tí rélùwéè ti ń kó èrò láti Ìjòkó lọ sí Ìddó. Gbogbo ènìyàn ló ń làágùn, ó ń rẹ gbogbo wọn, oorun kò sì tó ẹnikẹ́ni. Nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí òógùn rẹ̀ kì í ṣe ti oòrùn, tí àárẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti iṣẹ́, lè máa rìn láàárín ọjà fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè ya aláǹgbá tí inú ń run sọ́tọ̀.

Táírọ́ọ̀dì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré kan níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò. Áyódìn inú oúnjẹ ló fi ń ṣe họ́mónù méjì tí àwọn dókítà ń kọ ní T3 àti T4. Àwọn họ́mónù wọ̀nyí ló ń pinnu bí ọkàn yóò ṣe yára lù, bí ara yóò ṣe gbóná, bí ìfun yóò ṣe ṣiṣẹ́ àti bí oúnjẹ yóò ṣe tètè jóná nínú ara. Ẹ̀yà mìíràn nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ń fi họ́mónù TSH darí rẹ̀: bí T4 bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, TSH á lọ sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè dín kù; bí T4 bá dín, TSH á gòkè. Nígbà tí táírọ́ọ̀dì kò bá gba àṣẹ mọ́, ara á máa jó bí fìtílà tí wọ́n yọ òwú rẹ̀ jù.

Ohun tó sábà máa ń fà á ni àrùn Graves, tí wọ́n fi orúkọ Robert Graves pè, dókítà ìlú Dublin tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1835. Àwọn ọmọ ogun ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti lé kòkòrò àrùn jáde, ló ń ṣi táírọ́ọ̀dì mú, tí wọ́n á sì máa tì í ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, pàápàá láàárín ọdún 20 sí 50. Kókó inú gẹ̀gẹ̀ náà lè fà á. Láti 1993 ni Nàìjíríà ti ń fi áyódìn sínú iyọ̀ kí gẹ̀gẹ̀ má bàa gbilẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ti ru gẹ̀gẹ̀ olókókó fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣì lè rí i kí àwọn kókó náà máa dá ṣiṣẹ́ ara wọn. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè ní irú èyí tó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Oògùn ọkàn kan tó ń jẹ́ amiodarone náà lè dá a sílẹ̀.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọkàn á kọ́kọ́ máa lù kìkìkì nígbà tí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́. Aṣọ á máa tóbi sí i lára, bẹ́ẹ̀ sì ni oúnjẹ ń wọlé, kódà ó lè máa jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbẹ́ á máa yá léraléra láìsí inú rírun. Ọwọ́ á máa gbọ̀n: aránṣọ á máa tiraka láti fi òwú sínú abẹ́rẹ́, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kò ní lè di irin kékeré mú ṣinṣin. Itan á rọ, dé ibi pé dídìde lórí àpótí ìdáná tàbí gígun ọkọ̀ á di ìṣòro. Nǹkan oṣù obìnrin á dín kù tàbí kó máa fo oṣù. Irun á máa já. Oorun á lọ, inú á máa tètè bí ènìyàn, ẹkún á máa tètè dé, àwọn ará ilé á sì máa ní ìwà rẹ̀ ti yí padà. Àrùn Graves lè mú kí ẹyin ojú yọ síta. Ti àgbàlagbà kì í hàn tó báyìí: ó lè má gbọ̀n, ó lè má làágùn, kó kàn máa rù, kó máa rẹ̀ ẹ́, kí ọkàn rẹ̀ sì máa lù ségesège.

Orúkọ tí àwọn ènìyàn ń fún àwọn àmì wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ìjìyà ti ń wá. Ẹni tó ń rù, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ éèdì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, wọ́n á ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, kẹ́míìsì á sì máa po oògùn fún un ní gbogbo oṣù. Ẹni tí ojú rẹ̀ yọ, tí kò sùn, tó ń jágbe mọ́ ọmọ, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é, tàbí kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú alárùn ọpọlọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Owó tí ìdílé ń ná sórí oògùn ibà tí kò ṣiṣẹ́, àgbo àti oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń kọjá owó àyẹ̀wò tí ì bá ti sọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dunni pé ìtìjú ojú tó yọ tàbí ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé ló ń dá ọ̀pọ̀ obìnrin dúró sílé títí ọkàn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ohun méjì wà tí ènìyàn lè wò fúnra rẹ̀. Kí ó tó dìde lórí ibùsùn láàárọ̀, kí ó fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ ní apá àtàǹpàkò, kí ó sì ka bí ọkàn ṣe lù fún ìṣẹ́jú kan. Ti àgbàlagbà tó ń sinmi sábà máa ń wà láàárín 60 sí 100. Bí ó bá ń ju 100 lọ láràárọ̀, ó yẹ kí dókítà gbọ́. Èkejì ni kí ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ẹlòmíràn fi bébà kan lé ẹ̀yìn ọwọ́ náà: bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, bébà á sọ ọ́.

Àyẹ̀wò tó ń fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ni ti TSH àti Free T4, pẹ̀lú Free T3 nígbà mìíràn. TSH tó lọ sílẹ̀ gan-an pẹ̀lú T4 tàbí T3 tó ga ni àmì àṣejù táírọ́ọ̀dì. Ó dára kí aláìsàn dárúkọ wọn fún dókítà, nítorí pé ilé ìwòsàn tí èrò kún inú rẹ̀ lè máà rántí wọn. Ẹni tó ń lo oògùn irun àti èékánná tó ní biotin nínú gbọ́dọ̀ dá a dúró fún ọjọ́ méjì ó kéré tán kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí ó lè mú kí èsì parọ́. Yíya àwòrán ọrùn ń fi ìtóbi gẹ̀gẹ̀ àti kókó hàn, kì í sọ bóyá táírọ́ọ̀dì ń ṣiṣẹ́ jù.

Láti Ìjòkó, ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ọ̀tà ni ó rọrùn láti kọ́kọ́ dé. Làbù aládàáni ní Sángò náà lè gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà tó mọ̀ nípa họ́mónù ni ó yẹ kó gba ìtọ́jú náà lẹ́yìn èyí, ilé ìwòsàn ńlá ni a sì ti ń rí i: OOUTH ní Ṣágámù, Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà l'Ábẹ́òkúta, tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, èyí tó lè yá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó lára jù. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ará Nàìjíríà ní adójútòfò. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń gé owó rẹ̀ fún un yẹ kó béèrè ohun tó kárí kó tó máa fi owó ara rẹ̀ san gbogbo rẹ̀.

Kí oògùn tó mú àrùn náà, ara nílò ìrànlọ́wọ́. Obì, kọfí àti ohun mímu agbára tí àwọn òṣìṣẹ́ òru fi ń lé oorun lọ máa ń mú kí ọkàn tó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ sáré sí i; kí aláìsàn pa wọ́n tì. Oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine náà kò dára fún un. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, omi mímu dáadáa, ìwẹ̀ alẹ́ àti fèrèsé ṣíṣí ń dín ooru kù nígbà tí iná bá lọ. Ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà ń gba iṣan ara tó ń yòrò là. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó bẹ ọ̀gá ibi iṣẹ́ fún iṣẹ́ ọ̀sán àti ibi tí kò sún mọ́ ààrò, kó sì yẹra fún ẹ̀rọ tó léwu títí ọwọ́ yóò fi yé gbọ̀n. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ kò ní ṣe é ní ibi, ṣùgbọ́n oògùn afúnnilókun tí wọ́n kó áyódìn sí, tí wọ́n ń polówó fún gẹ̀gẹ̀, lè da epo sí iná. Àwọn kan ń rò pé láfún àti gààrí, nítorí pé wọ́n lè dí áyódìn lọ́wọ́, á tu táírọ́ọ̀dì lójú. Oúnjẹ ni wọ́n, wọn kì í ṣe oògùn àìsàn yìí.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìtọ́jú tó wà jẹ́ mẹ́ta: oògùn, áyódìn onítànṣán, àti iṣẹ́ abẹ.

Propranolol máa ń dín ìlù ọkàn àti gbígbọ̀n kù láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì sí fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Carbimazole ló ń dá họ́mónù dúró. Nítorí pé èyí tó ti wà nípamọ́ nínú ọrùn gbọ́dọ̀ tán ná, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ kí ara tó balẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn Graves máa ń lò ó fún oṣù 12 sí 18. Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà á rí ìfun rẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró ní oṣù kẹta torí pé ó ti sanra, àìsàn á padà. Dókítà ló ń yí ìwọ̀n oògùn padà lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, torí ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ewu kan wà nínú carbimazole tó gba àkíyèsí pàtàkì ní Ìjòkó. Lára ènìyàn díẹ̀, tí kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó máa ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Àmì rẹ̀ ni ibà, ọ̀nà ọ̀fun dídùn àti egbò ẹnu, ohun tí gbogbo ènìyàn níbí máa ń pè ní ibà ẹ̀fọn. Ẹni tó ń lo oògùn náà tí ibà bá mú, kí ó dá a dúró, kí ó lọ ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ojú tó pọ́n bí ìyeyè pẹ̀lú ìtọ̀ dúdú ń sọ pé ẹ̀dọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́. Òun náà gba eré lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń retí oyún gbọ́dọ̀ tètè sọ, nítorí pé propylthiouracil ni dókítà sábà máa ń lò ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àìtọ́jú sì lè ba oyún jẹ́.

Áyódìn onítànṣán jẹ́ kápúsù tàbí omi tí a ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní Nàìjíríà. Ó ń wọ inú táírọ́ọ̀dì lọ, ó ń jó o kúrò. Kò sí fún aboyún tàbí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, aláìsàn kò sì gbọdọ̀ lóyún fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Fún ọjọ́ díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí aboyún àti ọmọdé. Nínú ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ, níbi tí ìdílé mẹ́jọ ń pín ilé ìyàgbẹ́ kan, èyí kò rọrùn; kí aláìsàn ti ṣètò ibùgbé kó tó gbé e mì. Ní 1990 ni wọ́n rí àrùn Graves lára Gail Devers, eléré ìje Amẹ́ríkà. Ìtọ́jú onítànṣán le fún un débi pé àwọn dókítà ń ronú láti gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní 1992 ló gba góòlù ìje mítà 100 ní Barcelona.

Iṣẹ́ abẹ dára fún gẹ̀gẹ̀ ńlá tó ń fún ọ̀nà èémí pa. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi oògùn tu ara lójú kí wọ́n tó ṣe é. Kí aláìsàn béèrè iye irú rẹ̀ tí oníṣẹ́ abẹ ti ṣe, nítorí iṣan ohùn àti àwọn kókó kékeré tó ń darí kálísíọ́ọ̀mù wà nítòsí ibẹ̀.

Ojú tó yọ nílò ìtọ́jú tirẹ̀: omi ojú láti fáàmásì, gíláàsì dúdú lójú oòrùn, ìrọ̀rí gíga lálẹ́. Kí ènìyàn má ṣe da àgbo tàbí ìtọ̀ sí i. Sìgá ń mú un burú sí i ju ohunkóhun lọ. Bí ohun kan bá ń di méjì lójú, tàbí àwọ̀ bá ń ṣá, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí aláìsàn bá dá oògùn dúró, tí àkóràn mú un tàbí ó bímọ, gbogbo rẹ̀ lè rú sókè lẹ́ẹ̀kan: ibà tó ga, ọkàn tó ń sáré láìdúró, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ọ̀rọ̀ ìdàrú. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Parasitamọ́ọ̀lù ni kí wọ́n fún un fún ibà, kì í ṣe aspirin. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ kò gbọdọ̀ fi oògùn sílẹ̀. Dókítà lè bá a pín in sí ìgbà sààrì àti ìgbà ìṣínu.

Lẹ́yìn áyódìn onítànṣán tàbí yíyọ táírọ́ọ̀dì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò nílò oògùn họ́mónù levothyroxine títí ayé, ní òwúrọ̀, kí wọ́n tó jẹun. Ẹni tó fi oògùn nìkan wò ó náà kò tíì bọ́, nítorí bí ìdajì nínú wọn ni àrùn Graves ń padà bá. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí, nítorí náà ó yẹ kí arábìnrin aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ ń sáré yẹ TSH rẹ̀ wò. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà nígbà tí ìtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àti lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti balẹ̀.